Ṣé O Ti Pa Iná?

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé akunlé, àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò ní fi bò, torí bí mo bá fi bò ó, ìtàn ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní lórí, kò ní nídìí. Irun ni mò ń dì jẹun, ẹ sì mọ bí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ṣe rí. Ẹni tí orí rẹ̀ bá wà láàárín orúnkún rẹ fún wákàtí mẹ́ta, ohun tó bá bi ọ́ lo máa dá a lóhùn. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n lọ bi àbúrò rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti kárí àdúgbò, èmi náà sì ti gbà á gbọ́ ju àwọn tí mo sọ ọ́ fún lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ iná ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, Oníná sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ilé ni ìyẹn ń kùn. Lọ́jọ́ kan, ìyá wọn ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pé kí wọ́n wá bá òun tún pálọ̀ òun ṣe. Akunlé á kun ògiri, Oníná á pààrọ̀ ihò gílóòbù tó ti dípẹtà lára àjà. Oníná gun àkàsọ̀, àbúrò rẹ̀ di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú, ìyá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú rẹ̀. Oníná bèèrè lókè pé, "Ṣé o ti pa iná?" Àbúrò rẹ̀ dáhùn nísàlẹ̀ pé, "Mo ti pa á." Oníná yọ gílóòbù, ó fọwọ́ òsì di irin àjà mú, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ibi tí wáyà wà, iná sì gbé e. Ó já lulẹ̀ láti orí àkàsọ̀. Ẹ̀mí ò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jó, ìka mẹ́ta lára rẹ̀ ò sì ká mọ́ títí dòní. Oníṣẹ́ iná tí ò lè di ẹ̀mú mú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Èèyàn ní òun ti pa iná, iná ò sì kú. Kí lẹ fẹ́ ká rò? Àwọn méjèèjì ni bàbá wọn fi ilé yẹn sílẹ̀ fún, ẹnu wọn ò sì kò lórí rẹ̀ nígbà náà. Akunlé fẹ́ kí wọ́n fi iwájú ilé gba ayálégbé, Oníná ní lójú òun kọ́. Mo da èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn, ó sì bára mu dáadáa lójú mi. Ohun kan tún wà. Láti ọjọ́ náà, akunlé ò fọwọ́ kan suwíìsì mọ́. Bó bá dé ẹnu yàrá tó ṣókùnkùn, á dúró síbẹ̀, á máa pe ọmọ rẹ̀ kó wá bá òun tan iná. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún oníbàárà mi kan. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, ohun tó fi ṣe é ló ń sá fún.

Ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti pálọ̀ náà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò pe akunlé wá jókòó mọ́, akunlé náà ò sì yà. Mo ti gbọ́ tí Màmá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan pé, "Ọmọ méjì ni mo bí, mi ò mọ èyí tó sọnù nínú wọn." Ọdún mẹ́fà la wà lórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ni ẹni tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀. Aránṣọ ni, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ látẹnu ẹnikẹ́ni. Bó bá wọn oníbàárà tán, á ní kó lọ jókòó, kó mumi, lẹ́yìn náà á tún un wọ̀n. Ó ní tí èèyàn bá kọ́kọ́ rí tépù, ó máa ń fa ikùn sínú. Àwa tá a jọ dàgbà mọ̀ pé bó o bá gbé omi fún un, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ àti akunlé yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé akunlé ló ṣe é, mi ò sì gbọ́ ọ pé òun kọ́. Ó kàn ń ránṣọ ni. Àfi bó ṣe di ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, tó wọlé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun ti gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ iná lòun fẹ́ kọ́, ọdún méjì.

Mo ní, "Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ iná ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ nǹkan kan."

"Kí lẹ fẹ́ mọ̀?"

"Bí èèyàn ṣe lè pa iná, kí iná má kú."

Ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní owó àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ òun ti ń pọ̀ jù, òun fẹ́ máa tún un ṣe fúnra òun. Oníná bínú. Ó ní kí ni obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ń wá láàárín àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó ní bó bá jẹ́ iná ló fẹ́ kọ́, ṣé òun ò sí nílé ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kọ́ mi nígbà náà." Oníná yí ojú sí rédíò. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, láàárọ̀ á wà níbẹ̀, lọ́sàn-án á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Látìgbà náà ni Oníná ti ń bi í ní ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́. Bó bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, á ní, "Ibo lẹ dé lónìí?" Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní irinṣẹ́ ni wọ́n kọ́ àwọn, á ní, "Ẹ ò tíì dé orí suwíìsì?" Bó bá ní rárá, á jẹun. Lọ́jọ́ kan, ìwé tó ń kọ ẹ̀kọ́ sí sọnù, abẹ́ ibùsùn Oníná la ti rí i. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ ọ, pé ó rò pé ọkùnrin kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Mo ní ṣe ló ń bi í léèrè kó lè mú un nínú irọ́. Ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí mi ò fura sí, àfi ara mi.

Mo gbé oúnjẹ tó gbàgbé sílé lọ bá a níbi ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Yàrá gbọọrọ kan ni, òrùlé páànù, ó ń run rọ́bà tó jó. Wọ́n fi pákó kọ́ àwọn ògiri kéékèèké sínú rẹ̀, bí ilé tí ò lórùlé, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀ tó ń so wáyà sí. Olùkọ́ wọn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní irun ojú lápá kan, iná ló jẹ ẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ohun tó bá sọ, tàbí tí wọ́n bá sọ fún un, ìbéèrè kan ló fi ń kádìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Ṣé-Ó-Dá-Ọ-Lójú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí olùkọ́ yìí kọ sójú pátákó ni PA INÁ. Ó fi ẹfun fa igi lé e lórí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nínú yàrá yìí. Ẹni tó bá sọ ọ́ á gbálẹ̀. Ẹ pa iná, kí lẹ pa? Ṣé gílóòbù lẹ pa ni, àbí suwíìsì ara ògiri, àbí suwíìsì àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń pè ní iná nílé wa. Níbí, ẹ máa sọ pé: mo ti já suwíìsì àgbà, mo ti fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi, mo sì ti tẹ́sì í." Ló bá pín àgádágodo fún wọn, kálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nínú okùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti ń sọ láti kékeré, bí itọ́ ló rí lẹ́nu.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, orí oníbàárà wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan la fi ń pe nǹkan mẹ́ta. Ọkọ mi bèèrè ti ẹ̀gbẹ́ mítà, àbúrò rẹ̀ dáhùn ti ara ògiri. Akunlé ni. Ta ló kọ́ akunlé ní suwíìsì àgbà?"

Inú mi ò dùn sí i. Èèyàn kì í fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀tá tó ti bá a gbé fún ọdún márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká ní suwíìsì ara ògiri ló pa. Tí wọ́n bá pa ìyẹn, ṣé ó yẹ kí ihò gílóòbù ṣì níná?"

Ó ní, "Kò yẹ."

"Kò yẹ, ó sì níná. Ẹ lọ bi ọkọ yín kékeré léèrè."

Ọkọ mi kékeré ló máa ń pe akunlé nígbà tí ilé ṣì tòrò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo mọ̀ pé mo ti gbin nǹkan sí i nínú.

Ó di ọ̀gá nínú kíláàsì náà, torí kò gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun. Olùkọ́ kọ́ wọn pé tẹ́sítà, irinṣẹ́ ṣóńṣó tó máa ń mọ́lẹ̀ lójú tó bá kan iná, lè purọ́. Kó o tó fi kan wáyà, kọ́kọ́ fi kan ibi tó o mọ̀ pé iná wà, kó o rí i pé ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá wá kan wáyà tó o fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí kò bá mọ́lẹ̀, má tíì yọ̀, tún padà lọ fi kan ibi tó níná, kó o mọ̀ pé tẹ́sítà ò kú sí ọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin yìí yọ́ wọlé ṣáájú wọn, ó ba ojú gbogbo tẹ́sítà jẹ́, ó to wọ́n padà sórí tábìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógún ló kéde pé wáyà àwọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ní, "Ọ̀gá, tẹ́sítà tẹ́ ẹ fún mi ló kú." Olùkọ́ ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ó ní, "Kò dá mi lójú, ìdí tí mo fi wò ó nìyẹn." Wọ́n ní ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìfura loògùn àgbà, àṣé ó ní ibi tí wọ́n ti ń fún un ní máàkì.

Ọdún kejì ni wọ́n dé orí suwíìsì. Olùkọ́ so gílóòbù kan mọ́ pákó, ó tẹ suwíìsì rẹ̀, gílóòbù kú. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun, ṣé ó ti kú àbí kò tíì kú. Gbogbo wọn ní ó ti kú. Ó yọ gílóòbù, ó ki tẹ́sítà bọ ihò rẹ̀, ojú tẹ́sítà sì mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní, "Gílóòbù ti kú, iná ò kú. Ó kàn dákẹ́ ni. Wáyà méjì ló ń lọ sídìí gílóòbù. Ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan ń dá a padà. Èyí tó ń gbé e wá ni suwíìsì gbọ́dọ̀ já. Ẹni tó so èyí, èyí tó ń dá a padà ló so suwíìsì mọ́. Ó ti dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi délé lọ́jọ́ náà, Oníná bi í bó ṣe máa ń bi í. "Ẹ ò tíì dé orí suwíìsì?" Ó ní, "A ò tíì dé e." Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò mọ ohun tó mú òun purọ́, ẹnu òun ló ṣíwájú òun.

Nígbà tó ṣàlàyé suwíìsì yìí fún mi, mo fò sókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Kí akunlé tó kun ògiri, ó máa ń tú ìdérí suwíìsì kí ọ̀dà má bàa yí i. Gbogbo akunlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà ló bẹ̀rẹ̀ pálọ̀ yẹn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ látàárọ̀. Mo ní, "Àǹtí mi, ó tú u, ó pààrọ̀ wáyà, ó dé e padà. Lọ́jọ́ kejì ó di àkàsọ̀ mú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ti pa iná. Kí lẹ tún ń wá?"

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣókùnkùn. Ó ní, "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé la lọ, èmi ni mo gbé àkàsọ̀. Màmá bi wá pé kí la fẹ́ wá nínú yàrá tó ti wà ní títì látọjọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tan iná ibẹ̀ fún yín, Màmá." Obìnrin náà yọ kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ má sọ ọ́ lẹ́yìn mi."

Eruku bo gbogbo pálọ̀. Ọ̀dà tuntun wà lára ògiri kan ààbọ̀, ó gbẹ síbi tí búrọ́ọ̀ṣì ti dúró lọ́jọ́ náà. Ihò gílóòbù ṣì ń fì lára àjà. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Mo ń wo àjà yẹn, mi ò wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ fi tẹ́sítà kan iná ọ̀ọ̀dẹ̀, ó mọ́lẹ̀. Suwíìsì pálọ̀ wà ní pípa bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ó gun àkàsọ̀, ó fi tẹ́sítà kan ihò gílóòbù, ó mọ́lẹ̀ kedere. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ já suwíìsì àgbà, ó fi àgádágodo rẹ̀ tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ́sì. Lẹ́yìn náà ló dojú kọ suwíìsì ara ògiri. Ìṣó oníyíyí tó di ìdérí rẹ̀ mú ò ṣe é tú. Ọ̀dà ti dí ojú rẹ̀, ó sì ní láti fi abẹ fá a.

Ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Wá wo nǹkan."

Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan.

"Ọ̀dà wo nìyí?"

Ọ̀dà àtijọ́ ni, aláwọ̀ wàrà, tó ti wà níbẹ̀ kí akunlé tó ra tuntun. Ọ̀dà tuntun ò tíì dé apá ibẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni ò tú ìṣó yẹn láti ọdún gbọọrọ. Akunlé ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà, èyí tí mo fi dirun fún gbogbo àdúgbò, ojú ìṣó kan ló gbé e ṣubú. Mo jókòó sórí àga kan tó wà níbẹ̀, ti eruku ti eruku.

Ẹ̀gbọ́n mi tú ìdérí. Àwọn wáyà inú rẹ̀ ti gbó, dúdú ni gbogbo wọn, kò sí àwọ̀ tí èèyàn lè fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó so ó ti fi òwú pupa dì mọ́ ọ̀kan, kó lè mọ èyí tó ń gbé iná wá. Òwú náà wà lára wáyà tó wọ suwíìsì. Ṣùgbọ́n wáyà tó ń dá iná padà ni, kò yẹ kí òwú wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí i, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Kókó mi nìyí."

"Kókó wo?"

"Kókó tí mo máa ń ta sídìí bọ́tìnnì. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tá a ṣì ń fẹ́ra, ó ní wáyà òun ń tú. Inú àpótí òwú mi ló ti máa ń mú un. Kò sí ẹlòmíì tó ń ta á."

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ọkọ rẹ̀ ló so ó. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó nu ojú, ó tún wáyà náà to bó ṣe yẹ láti inú àpótí ìsopọ̀ tó wà lókè ilẹ̀kùn, ó so ihò gílóòbù tuntun. Ó gé òwú pupa náà, ó fi sínú àpò.

Nígbà tá a délé, ó ní kí n má lọ. Oníná wà nídìí rédíò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òwú náà sórí àga kékeré iwájú rẹ̀. Oníná wo òwú, ó sì fi ọwọ́ òsì pa rédíò.

Ó ní, "Ẹ ti dé orí suwíìsì."

"A ti dé e láti oṣù tó kọjá."

Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tó fi ń bi í lójoojúmọ́. Kì í ṣe owú ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó ń ka ọjọ́. Ó ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òun ṣe lẹ́yìn tí òun gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá òun ni pálọ̀ ìyá òun, òun fẹ́ kó rí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Tẹ́sítà ò sí lápò òun lọ́jọ́ náà. Òun méfò, òun fi òwú sára ọ̀kan, òun ní bó bá dọ̀la òun á padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Gílóòbù tàn, ó kú, inú ìyá òun dùn, òun ò padà wá. Orí ibùsùn ọsibítù ni gbogbo rẹ̀ ti padà sí òun lọ́kàn. Nígbà tí òun fi máa lajú, àwọn èèyàn ti rí ọ̀daràn.

Ó ní, "Mi ò fẹ̀sùn kàn án. Ẹnu mi ò dárúkọ rẹ̀ rí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹnu yín ò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín dákẹ́ lóòótọ́. Ti àbúrò yín ń pariwo kiri ìgboro fún ọdún mẹ́fà."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ta ló máa gbéṣẹ́ fún oníṣẹ́ iná tó fi wáyà ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ lára?"

"Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Àbúrò yín ló kù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, níwájú Màmá, nínú pálọ̀ yẹn. Bí mo bá bá yín sọ ọ́, kò ní dà bí òótọ́."

Mo rò pé Oníná á bínú. Ó kàn ń fi ọwọ́ tí kò ká mọ́ yẹn ti òwú náà síwá sẹ́yìn lórí àga.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n ránṣẹ́ pe akunlé. Ó dé pẹ̀lú ọ̀dà lára ṣòkòtò, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ó ní, "Ta ló kú?" Màmá ní kó wọlé kó jókòó. Àwọn kọ́tìnnì wà ní fífà, ilé ṣókùnkùn díẹ̀. Oníná dìde dúró bí ẹni tí wọ́n pè níwájú kíláàsì. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí tẹ́sítà tó gbàgbé títí dé orí òwú, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dé ìparí, ó ní, "Mo bi ọ́ pé ṣé o ti pa iná. O ní o ti pa á. O pa á lóòótọ́. Èmi ni mi ò jẹ́ kó kú."

Màmá fi gèlè bojú. Akunlé ò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, mo ti rò ó títí mo fẹ́ ya wèrè. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́. Bóyá mo kàn rò pé mo tẹ̀ ẹ́ ni." Ló bá wá yíjú sí mi níbi tí mo fara pamọ́ sí. "Àǹtí onídìrí, ṣé ẹ máa sọ fún àwọn oníbàárà yín?"

Mo ní màá sọ. Mo ti ń sọ ọ́ látìgbà náà, mo sì ń sọ ọ́ lónìí. Irọ́ mi fi ọ̀sẹ̀ kan kárí àdúgbò, òótọ́ rẹ̀ ò tíì dé ìkóríta. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń tì mí.

Akunlé dìde. Ó rìn lọ síbi suwíìsì. Ó na ìka, ó fà á padà, ó tún na án. Ó tẹ̀ ẹ́, pálọ̀ sì mọ́lẹ̀, Màmá gbé ojú sókè. Akunlé tún tẹ̀ ẹ́, gílóòbù kú. Kò gbé ìka kúrò. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyàwó wa, mo ti pa á. Ṣé ó kú?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ó kú, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló tún un so. Ẹlòmíì ì bá ti dá a lóhùn láti orí ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n mi yọ tẹ́sítà, ó jáde lọ fi kan iná ọ̀ọ̀dẹ̀, ó mọ́lẹ̀. Ó padà wá, ó gun àkàsọ̀. Oníná lọ di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú, tòun ti ọwọ́ tí ò ká. Ẹ̀gbọ́n mi yọ gílóòbù, ó ki tẹ́sítà bọ ihò, lápá kan àti lápá kejì. Kò mọ́lẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún jáde lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, a sì ń dúró dè é. Ó wọlé padà.

"Ó kú," ló wí.

Ìgbà yẹn ni akunlé tó gbé ìka kúrò lórí suwíìsì.